Pínpín Ọjọ́ Iṣẹ́ Láàrin Ilé àti Ọ́fíìsì

Ètò tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ nílé láwọn ọjọ́ kan, tí yóò sì lọ sí ọ́fíìsì láwọn ọjọ́ yòókù. Láti 1973 ni ẹnjiníà Jack Nilles ti dá a lábàá ní Amẹ́ríkà pé kí òṣìṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ nítòsí ilé, ṣùgbọ́n kónílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà ní 2020 ló sọ ọ́ di àṣà. L'Ékòó, ọ̀wọ́n gógó ọjà ló tún fa irú rẹ̀: ní oṣù Kejì 2024, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu kéde pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìpele 1 sí 14 máa wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ìpele 15 sí 17 máa wá lọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó a máa jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́; lọ́jọ́ tó bá jókòó sílé, ó bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti owó ọkọ̀ dáńfó. Àmọ́ bí iná bá lọ, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti ra dátà àti epo jẹnẹrétọ̀, ìyẹn kò sì tọ́: agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó gbé ẹrù náà. Ní ti òfin, ní Bìrìtéènì, láti 6 oṣù Kẹrin 2024, òṣìṣẹ́ lè béèrè fún irú ètò yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ tó bá kọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí.