Fọ́tò Tó Ti Pọ́n: Ẹ Má Jẹ́ Kí Sányán Di Àlàárì

Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé fọ́tò àwọn òbí wa sórí pèéjì yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n yà láàárín 1970 sí 1989, púpọ̀ nínú ẹ̀ ti pọ́n bí ẹni pé epo dà sí i. Ìtàn wà nídìí ẹ̀.

Ní 1897, Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny níbí, ya Ọba Ovonramwen ti Benin nígbà tí àwọn òyìnbó ń gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Dúdú àti funfun ni fọ́tò ayé ìgbà yẹn; fàdákà ló gbé àwòrán ẹ̀ dúró. Tó bá gbó, ó lè di bíráwùn, àmọ́ kò sí àwọ̀ aṣọ kankan nínú ẹ̀. Tí fóònù bá wá kùn ún láwọ̀, àbá lásán ló dá.

Fọ́tò aláwọ̀ yàtọ̀. Kodak gbé Kodacolor jáde ní 1942. Aró mẹ́ta ló wà lára irú fọ́tò yìí: ọ̀kan pupa, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan bí ojú sánmà. Nínú àpótí, pàápàá níbi tó gbóná tó tún lọ́rinrin bíi tiwa yìí, aró ojú sánmà ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá. Tó bá ti ṣá, pupa á gba gbogbo ẹ̀.

Èmi tí mò ń ta aṣọ mọ ohun tí ìyẹn ń bàjẹ́. Sányán tó dàbí iyanrìn á dà bí àlàárì. Ẹtù tí wọ́n fi ẹ̀lú rẹ á dà bí pọ́pù. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan jà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lórí aṣọ tí bàbá wọn fi joyè: ọ̀kan ní àlàárì, ọ̀kan ní sányán. Ìyá wọn nílé ló parí ẹ̀ lórí fóònù: sányán ni. Tí ìyá yẹn bá ti lọ ńkọ́?

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ skáànù ún, ẹ má fi gílóòbù yẹ́lò ya fọ́tò náà; ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló dáa, tí oòrùn kò pa á. Ẹ fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ pamọ́ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pé funfun ni, bíi síńgílẹ́ẹ̀tì, àti ohun dúdú, bí irun orí. Ẹ yí pupa, gíríìnì àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan títí funfun á fi funfun, tí dúdú á sì dúdú.

Ẹ má kàn tẹ "Auto" kẹ́ ẹ lọ sùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Kodak fi ń pín fọ́tò obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Shirley fún àwọn tó ń fọ fọ́tò, kí wọ́n lè fi ṣòdiwọ̀n àwọ̀. Ara tiwa kò sí nínú ìṣirò ẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ bí bàbá yín ṣe dúdú tó. Àwọn àgbà ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ tètè bi wọ́n léèrè, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ọdún àti àwọ̀ aṣọ sẹ́yìn fọ́tò náà. Ẹ gbé tiyín wá ká jọ wò ó o.