Julian Bond: Aṣòfin Tí Wọ́n Yàn Lẹ́ẹ̀mẹ́ta Kí Ó Tó Jókòó

Orúkọ méjì ni a máa ń pe ẹni tí a dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ nínú èdè wa: aṣòfin àti aṣojú. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Aṣòfin ń tọ́ka sí iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ilé. Aṣojú ń tọ́ka sí àwọn ènìyàn tí ó dúró fún. Ìtàn Julian Bond, tí ó lo ogún ọdún nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere, nítorí pé kí ó tó ṣe òfin kankan ni àwọn aṣòfin ti fẹ́ gba ipò aṣojú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìdílé ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ti tọ́ ọ. Nashville ni wọ́n bí i sí ní 1940. Bàbá rẹ̀, Horace Mann Bond, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania, níbi tí Nnamdi Azikiwe tiwa níbí àti Kwame Nkrumah ti Ghana ti kàwé ṣáájú ìgbà náà. Ní 1960, nígbà tí Julian jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Morehouse ní Atlanta, ó wà lára àwọn tí ó dá SNCC sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Ètò ìròyìn ẹgbẹ́ náà ni ó ń bójú tó.

Ní oṣù Òkúdù 1965, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti mú kí wọ́n tún ẹkùn ìdìbò pín, Bond díje fún ẹkùn 136. Ó ní ìbò 2,320. Alátakò rẹ̀ ní 487. Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1966, wọ́n yìnbọn pa Sammy Younge, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ ológun ojú omi rí, ní Tuskegee, nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun ní ilé epo kan. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, SNCC gbé ìwé jáde lòdì sí ogun Vietnam. Oníròyìn kan pe Bond lórí tẹlifóònù. Ó ní òun fara mọ́ ìwé náà. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó ṣàlàyé pé òun kò ní dáná sun káàdì ìpeni-sógun tòun, àmọ́ òun mọ rírì ìgboyà àwọn tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ilé dìbò 184 sí 12 pé kò gbọdọ̀ jókòó. Àwáwí wọn ni pé ẹni tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè fi òótọ́ inú búra láti gbé òfin ìpilẹ̀ ró. Ẹ jẹ́ kí a wo àwáwí yìí dáadáa: Bond ti ṣe tán láti búra, àwọn ni wọn kò jẹ́ kí ó búra. Martin Luther King, tí ilé rẹ̀ wà ní ẹkùn náà, bá a pe ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi aṣojú rẹ̀ dù ú. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá wọn lẹ́bi, adájọ́ méjì sí ọ̀kan. Ní oṣù Èrèlé, wọ́n ṣètò ìdìbò mìíràn láti fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀; Bond náà ni àwọn ará ẹkùn tún yàn. Wọ́n ní kí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó kọ̀, wọ́n sì tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní oṣù Bélú, ó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀pẹ 1966 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́, gbogbo adájọ́ sì fohùn ṣọ̀kan. Earl Warren, adájọ́ àgbà, ni ó kọ ìdájọ́ náà: òfin ìpilẹ̀ fún aṣòfin láyè gbòòrò láti sọ èrò rẹ̀ lórí ìlànà ìjọba, ìbúra kò sì lè di ohun tí a fi ń dí i lẹ́nu. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1967 ni Bond jókòó níkẹyìn.

Ó wà ní ilé kékeré títí di 1975, ó sì bọ́ sí ilé àgbà títí di 1987. Ní 1968, níbi àpérò ẹgbẹ́ Democrat ní Chicago, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ipò igbákejì ààrẹ. Ẹni ọdún 28 ni, òfin sì béèrè ọdún 35, ni ó bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ibi tí ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni 1986. Bond wà lára àwọn tí ó jà fitafita kí ẹkùn karùn-ún Georgia ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè di ẹkùn tí aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù. Nígbà tí ààyè ṣí níbẹ̀, ó jáde. John Lewis, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó ti jẹ́ alága SNCC nígbà tí Bond ń kọ ìròyìn rẹ̀, náà jáde. Bond ni ó ṣíwájú nínú ìdìbò abẹ́lé, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kò tó. Nígbà tí ó ku àwọn méjèèjì, Lewis pè é níjà pé kí àwọn jọ lọ ṣe àyẹ̀wò oògùn olóró. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ láàárín ọ̀rẹ́. Lewis borí ní nǹkan bí ìdá 52 sí 48, kò sì kúrò ní ipò náà títí ó fi kú ní 2020.

Bond padà sídìí iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó kọ́ni ní ìtàn ní Yunifásítì Virginia, ó sì ṣe alága NAACP láti 1998 sí 2010. Ó kú ní oṣù Ògún 2015, ní ẹni ọdún 75. Ẹjọ́ rẹ̀, Bond v. Floyd, ṣì wà lára èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà lónìí.