Lù kìkì

Ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà, n'Ìbàdàn, bí ìyá àgbà bá gbọ́ ìròyìn burúkú, á fọwọ́ lé àyà òsì, á ní, "Ẹ wò ó, àyà mi ń lù kìkìkì." Kò dárúkọ ọkàn. Àyà ló pè, nítorí àyà ni ọwọ́ rẹ̀ bà. "Lù" yìí náà la fi ń lu ìlù. "Kì" sì ni ìró tó wúwo, tó ń ti inú bọ̀.

Lábẹ́ ọmú òsì níbẹ̀, láàárín egungun ìhà karùn-ún àti ìkẹfà, ṣóńṣó ọkàn ló ń gbún àyà láti inú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Étienne-Jules Marey, ará Faransé, ṣe ẹ̀rọ tó ń gba mímì yẹn lára àyà, tó ń fà á sórí bébà bí ìlà tó ń gòkè, tó ń sọ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí abẹ. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, tí Edler àti Hertz bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní 1953, ti gba iṣẹ́ ẹ̀rọ Marey báyìí. Síbẹ̀, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó lọ sí ilé ìwòsàn UCH, tó ṣílẹ̀kùn ní 1957, àtẹ́lẹwọ́ dókítà ṣì lè kọ́kọ́ wá abẹ́ ọmú òsì yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa lílù kìkì pọ̀ mọ́ "àyà já". Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àyà ń já, nígbà tí ẹ̀rù bá dé lójijì. Lílù kìkì a máa bá a lọ, kódà lára ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, tí ohunkóhun ò bà lẹ́rù. Irú èyí ni kí ẹ sọ fún dókítà.