Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́? Ìtàn Àgádágodo Lára Ọkùnrin

Ọ̀rọ̀ àgbà la gbé wá lónìí. Kí àwọn ọmọdé yẹra díẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àgádágodo ní ọjà Ouando kì í wo dídán rẹ̀ nìkan. Ó máa ń wò ó bóyá irin rẹ̀ nípọn, ó máa ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ kó yí i wò, ó sì máa ń ka iye kọ́kọ́rọ́ tó bá a wá. Ó mọ̀ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ilé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé àti ìsọ̀ nìkan ni ọmọ aráyé ti tì pa. Wọ́n ti ti ara ọkùnrin náà pa, kó má baà bá obìnrin sùn, tàbí kó má baà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká wo irú àgádágodo tí wọ́n yàn nígbà kọ̀ọ̀kan, ká sì máa béèrè ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Tiwa ni mágùn. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: má gùn. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé ọkọ tó ń fura lè fi òwú tàbí ọwọ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà, kí ìyàwó rẹ̀ dá a kọjá láìmọ̀. Ọkùnrin mìíràn tó bá wá bá a sùn, wọ́n ní ó lè ta òkìtì, ó lè kọ bí àkùkọ, ó sì lè kú. Wọ́n tún ní irú kan wà tí kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè ya ara wọn. Ẹ wo bí àgádágodo yìí ṣe rí: ọkùnrin ni wọ́n fẹ́ fi mú, ara obìnrin ni wọ́n gbé e lé, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sì mọ̀ pé òun wọ̀ ọ́. Bí ọkọ bá fura lásán, ìyàwó tí kò ṣẹ̀ ló ń ru ewu. Ọ̀rọ̀ yìí ni Adébáyọ̀ Fálétí fi ṣe ìtàn, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù Thunderbolt: Magun ní ọdún 2001. Ìfura ọkọ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà inú rẹ̀.

Ní Róòmù ayé àtijọ́, irin gidi ni wọ́n lò. Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, Celsus kọ ìwé ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní De Medicina, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin, nígbà mìíràn nítorí ohùn wọn, nígbà mìíràn nítorí ìlera. Wọ́n á fa awọ tó bo orí nǹkan ọkùnrin síwájú, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti òwú lu ú, wọ́n á máa fa òwú náà lójoojúmọ́ títí egbò á fi jinná, kí wọ́n tó wá fi òrùka tí wọ́n ń pè ní fibula bọ inú ihò náà. Celsus ní bí òrùka náà bá ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe dára tó. Ó tún sọ gbangba pé lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ tí kò pọn dandan ni. Àwọn akọrin àti òṣèré ni wọ́n sábà máa ń fi í sí lára, nítorí àwọn ènìyàn gbà pé bíbá obìnrin lò ń ba ohùn jẹ́. Ṣùgbọ́n Juvenal, akéwì apanilẹ́rìn-ín ibẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn obìnrin olówó ń san owó ńlá kí wọ́n lè bá wọn tú òrùka òṣèré. Irin lágbára, ṣùgbọ́n owó ṣí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ pé àwọn jagunjagun ilẹ̀ Yúróòpù máa ń fi bẹ́líìtì onírin ti ìyàwó wọn pa kí wọ́n tó lọ sójú ogun. Àwòrán irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ tí a kọ́kọ́ mọ̀ wà nínú Bellifortis, ìwé tí Konrad Kyeser ará Jámánì ṣe ní 1405. Ṣùgbọ́n ní 2007, Albrecht Classen tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé àròsọ ló pọ̀ jù nínú ìtàn náà.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ dé lẹ́yìn ìgbà náà, ọkùnrin ló sì bá. Ní 1760, dókítà kan ní Lausanne, Samuel-Auguste Tissot, tẹ ìwé kan jáde ní èdè Faransé pé ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn yóò ṣàìsàn, yóò sì dìdàkudà. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ayé gbà á gbọ́ fún ohun tó lé ní 100 ọdún. Àwọn òbí àti dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríṣiríṣi ohun èlò sí àwọn ọmọkùnrin lára. Ní January 1908, ìjọba Amẹ́ríkà fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Ellen Perkins ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhámọ́ra kan tí wọ́n lè tì pa mọ́ aláìsàn ọpọlọ lára. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní kọ́kọ́rọ́, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ ẹ.

Ní ayé òde òní, ọ̀rọ̀ yí padà. Àgbàlagbà ọkùnrin ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra àgò kékeré oníke tàbí onírin, tó ń wọ̀ ọ́, tó sì ń fún aya tàbí olólùfẹ́ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ibi tí ìyàn àgádágodo ti wá di iṣẹ́ nìyí. Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀.

Èkíní ni àgádágodo kékeré lásán. Ó rọrùn láti pààrọ̀, ẹni tó ní irin ìgékù lè gé e, ṣùgbọ́n ó ń dún, òógùn sì lè dípẹtà sí i lára ní ilẹ̀ tó móoru bíi tiwa. Èkejì ni èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ ara àgò náà. Kì í dún, kì í sì yọ sí aṣọ, ṣùgbọ́n bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá sọnù, wàhálà dé. Ẹ̀kẹta ni èdìdì ike tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Sísọ́ọ̀sì gé e, ẹ̀rọ tó ń wá irin ní pápákọ̀ òfurufú kò sì ní kígbe nítorí rẹ̀. Bí ó bá ti já, kò ṣe é so padà, nọ́ńbà náà yóò sì tú àṣírí.

Ẹ̀kẹrin ni ti fóònù, òun ló sì kó bàbá ìtìjú báni. Ní October 2020, ilé iṣẹ́ Pen Test Partners ní Britain kéde pé àlébù wà nínú Cellmate, àgò tí ilé iṣẹ́ Qiui ní Ṣáínà ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè ti gbogbo wọn pa láti ọ̀nà jíjìn, àgò náà kò sì ní ihò kọ́kọ́rọ́ kankan. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀daràn fi ti àwọn kan mọ́ inú rẹ̀, tí wọ́n ń béèrè bitcoin kí wọ́n tó ṣí i. Ọkùnrin rò pé aya òun ló mú kọ́kọ́rọ́, àṣé olè ni.

Àwọn alágbẹ̀dẹ àgádágodo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé kò sí èyí tí kò ṣe é ṣí. Joseph Bramah ṣe ọ̀kan tó pe gbogbo ayé níjà. Ní 1851, ní London, Alfred Hobbs ará Amẹ́ríkà fi wákàtí 51 ṣí i. Nítorí náà, ẹni tó ń wá èyí tó le jù ń wá ohun tí kò sí. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé: bí ara bá wú lóru, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ṣàn dáadáa mọ́, ìṣẹ́jú mélòó ni máa fi bọ́ nínú rẹ̀? Èyí tí kò bá ṣe é já kíákíá, kó má ra á. Kọ́kọ́rọ́ kejì gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, kó wà nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, kódà bí ẹni tó mú àkọ́kọ́ bá lọ ná ọjà ní Èkó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rékọjá ẹnubodè láti wá oúnjẹ òòjọ́, tí ọkọ wà níhìn-ín tí aya wà lọ́hùn-ún. Ìfura kì í jìnnà sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Èdìdì ike tí ọmọdé lè fi sísọ́ọ̀sì gé kò lè dá ọkùnrin dúró. Ohun tó lè ṣe kò ju pé kó jẹ́rìí sí àdéhùn tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò sí. Mágùn àti òrùka àwọn ará Róòmù le jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ṣùgbọ́n kò sí àdéhùn kankan nídìí wọn. Ẹni tí wọ́n bá fi ipá tì pa, ẹlẹ́wọ̀n ni, ìbáà ṣe ọkọ, ìbáà ṣe aya.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà yín nípa mágùn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.