Ìwé John Lions àti Kíkọ́ Èdè Kọ̀ǹpútà Láti Inú Kóòdù Tó Ti Wà Nílẹ̀

Olùkọ́ èdè ni wá. A mọ̀ pé ẹni tí yóò sun ìjálá yóò kọ́kọ́ tẹ́tí sí ọ̀gá rẹ̀, kó tó fi tirẹ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí òfin dí ọ̀nà yìí.

Ní 1976, John Lions, olùkọ́ ní Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà, kó kóòdù Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì kọ ìwé àlàyé lé e. Èdè C ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìlà rẹ̀ kò tó 10,000, ìwọ̀n tí orí ènìyàn kan lè gbé. Ẹ̀dà kẹfà nìyẹn. Nígbà tí AT&T gbé ẹ̀dà keje jáde ní 1979, ìwé àdéhùn rẹ̀ kò gbà kí a fi kóòdù náà kọ́ni ní kíláàsì. Lójú tiwa, ahun gbáà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ń ṣe fọ́tókọ́pì ìwé Lions, wọ́n tún ń ṣe fọ́tókọ́pì fọ́tókọ́pì.

Ní Amsterdam, Andrew Tanenbaum kọ ètò tirẹ̀, Minix, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tẹ kóòdù rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀kọ́ ní 1987, ó sì fún akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ pé kí wọ́n yí i padà. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, ka ìwé náà. Orí Minix ló ti kọ Linux ní 1991, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò da kóòdù Minix kọ.

Ìwé Lions kò di títà ní gbangba àfi ní 1996, ọdún méjì kí ó tó kú.