Dick Tiger àti Anthony Joshua: Akọni Ìgbà Méjì

Àríyànjiyàn kan wà láàrin àgbà àti ọmọdé tí kì í tán bọ̀rọ̀. Àgbà a ní àwọn akọni ìgbà tòun ni akọni; ọmọdé a ní kò sí ẹni tí ó tó àwọn tí òun fi ojú ara òun rí. Yálà ní Ṣúpárè tàbí ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà tàbí ní Ìbàdàn, ìwọ náà yóò ti gbọ́ irú iyàn bẹ́ẹ̀ rí. Bí ó bá kan ìjà ẹ̀ṣẹ́, orúkọ méjì ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò: Dick Tiger ti ìgbà àwọn bàbá wa àgbà, àti Anthony Joshua ti ìgbà tiwa. Bí a bá mú àwọn méjèèjì ní àkókò tí agbára wọn dé góńgó, ta ni ó ju ẹnì kejì lọ? Jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ju ti ẹ̀ṣẹ́ lọ.

Richard Ihetu ni orúkọ àbísọ Dick Tiger. Ní ọdún 1929 ni a bí i ní Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò, ìlú Aba ni ó sì ti ń ṣòwò kí ẹ̀ṣẹ́ tó di iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó kọjá sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jà ní ilẹ̀ náà ni wọ́n ti borí rẹ̀. Rò ó wò, ìwọ òǹkàwé: òtútù, ìlú àjèjì, àti ìjákulẹ̀ mẹ́rin léra wọn! Ẹlòmíràn ìbá ti wá ọkọ̀ padà sílé. Tiger kò padà. Ní 1957 ó borí Terry Downes, ẹni tí ó di olúborí àgbáyé lẹ́yìn náà. Ní 1958 ó gba àmì-ẹ̀yẹ gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ Pat McAteer. Ó di ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1962 kí ó tó borí Gene Fullmer ní San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn abala 15 gbáko, tí ó sì di olúborí àgbáyé láàrin àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò oníwọ̀n àárín. Ní ọjọ́ náà, ó ti pé ẹni ọdún 33, ó sì ti jà ju ìgbà 50 lọ.

Ọdún kejì ni òkìkí rẹ̀ dé góńgó. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Fullmer wá bá a jà ní Ìbàdàn, ní Pápá Ìṣeré Liberty tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́, ìjọba tí Àkókó náà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Pápá yìí ni à ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí. Nígbà tí abala keje parí, àwọn tí ń tọ́jú Fullmer rí i pé ìyà náà ti pọ̀ jù, wọ́n sì ní ó tó. Fullmer kò tún jà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ti Anthony Joshua, Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i ní ọdún 1989, ṣùgbọ́n ọmọ Ṣágámù ni, ó sì lo ìgbà díẹ̀ ní ilé-ìwé Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ẹni ọdún 18 ni kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ní 2012, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2016 ó di olúborí àgbáyé láàrin àwọn tí wọ́n wúwo jù lọ. Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2017 ni ọjọ́ ògo rẹ̀. Ní pápá Wembley, níwájú nǹkan bí 90,000 ènìyàn, ó kojú Wladimir Klitschko, ẹni tí ó ti jà ní ìgbà 68, tí ó sì ti fi ọdún púpọ̀ jọba lórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Joshua kò tíì jà ju ìgbà 18 lọ. Ó gbé Klitschko ṣubú ní abala karùn-ún. Ní abala kẹfà Klitschko gbé òun náà ṣánlẹ̀. Ó dìde, ó fara da ìyà, ó sì borí ní abala kọkànlá. Ẹni ọdún 27 ni.

Ǹjẹ́ ta ni ó ju ta? Bí o bá ní kí wọ́n wọ agbo kan náà, ọ̀rọ̀ náà yóò di ẹ̀rín. Ìwọ̀n Tiger kò ju kílò 73 lọ nígbà tí ó jẹ́ olúborí oníwọ̀n àárín; Joshua tó kílò 113 ní ọjọ́ Wembley. Òfin ẹ̀ṣẹ́ kò gba irú ìjà bẹ́ẹ̀ láàyè. Ìgbà wọn pẹ̀lú kò dọ́gba. Abala 15 ni wọ́n ń jà fún àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ìgbà Tiger. Abala 12 ni ní ìgbà Joshua. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ti àkísà, èyíinì ni ìjà tí a ti jà sẹ́yìn àti ìyà tí a ti jẹ, Tiger ni àgbà.

Ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí èyí fojú kéré Joshua. Ìwọ tí o mọ àwọn òkè Àkókó mọ̀ pé ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ gba ọ̀nà igbó gun òkè yóò ṣubú, yóò sì dìde lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó dé orí rẹ̀. Ẹni tí ó gba ọ̀nà mọ́tò yóò tètè dé. Síbẹ̀ bí ó bá ṣi ọwọ́ yí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó di inú ọ̀gbun. Joshua tètè dé, ṣùgbọ́n láàrin àwọn òmìrán tí wọ́n lè fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo fọ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ni ó ti ń rìn.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti jọra jù ni ìṣubú wọn. Joey Giardello gba adé lọ́wọ́ Tiger ní oṣù kejìlá ọdún 1963. Nǹkan bí oṣù 22 ni Tiger fi dúró kí àyè tó yọ láti bá a jà lẹ́ẹ̀kejì. Kò bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965 ó gba adé rẹ̀ padà. Andy Ruiz gbé Joshua ṣubú ní ìgbà mẹ́rin ní New York ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ó sì gba adé lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn ìjà kejì wà nínú ìwé tiwọn, nítorí náà oṣù mẹ́fà péré ni Joshua fi dúró. Ó yí ọgbọ́n ìjà rẹ̀ padà, ó sì gba adé náà ní Saudi Arabia.

Bí wọ́n bá ní kí n dájọ́, n ó dá Tiger láre, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ jìn jù, ìdúró rẹ̀ sì pẹ́ jù. Nígbà tí ó sì di ẹni ọdún 37, ní 1966, ó tún lọ gba adé àwọn tí wọ́n wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, lọ́wọ́ José Torres. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ mi kò bu Joshua kù. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sì pàdánù adé wọn níkẹyìn: Tiger fún Bob Foster ní 1968, Joshua fún Oleksandr Usyk ní 2021. Tiger ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York kí ó tó kú ní Aba ní 1971, ní ẹni ọdún 42. Góńgó òkè kì í ṣe ibùgbé.

Nítorí náà, nígbà tí iyàn bá tún bẹ́ sílẹ̀, má ṣe béèrè ẹni tí ìbá na ẹnì kejì. Béèrè pé: kí ni ó dènà dè é? Kí ni ó fi kojú rẹ̀? Kí ni ó ṣe ní ọjọ́ tí ó ṣubú? Òṣùwọ̀n yìí kan náà ni kí o fi wọn bàbá rẹ, tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀ tó tìrẹ, kí o tó kẹ́gàn rẹ̀; òun náà ni kí o fi wọn ara rẹ, kí o má baà rò pé ìgbà àwọn akọni ti kọjá. Ìgbà ń yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣubú tí ó sì dìde kò ṣàì ní iyì ní ìgbà gbogbo.