Òróró Ẹ̀pà àti Kòkòrò Inú Ẹ̀wà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹ̀wà. Láti oko ni kòkòrò ti ń bá a wọlé. Abo kòkòrò a lẹ ẹyin mọ́ èèpo ẹ̀wà. Bí ẹyin bá pa, ọmọ rẹ̀ a lu èèpo wọ inú lọ, a sì máa jẹun níbẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù kan, a ti dàgbà, a dá ihò jáde, òun náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin.

Kí ni àwọn baba wa ń ṣe sí i? Wọn a po eérú tàbí ata gbígbẹ mọ́ ẹ̀wà, wọn a sì dé e pinpin sínú ìkòkò. Ní ilẹ̀ Íńdíà, òróró èso lárà wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi pa ẹ̀wà lára láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, gbé àbájáde ìwádìí wọn lórí òróró ẹ̀pà jáde. Mìlílítà 5 péré, ìwọ̀n ṣíbí tíì kan, tó láti dáàbò bo kílò ẹ̀wà kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ìwádìí mìíràn fi hàn pé àdín náà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òróró a bo ẹyin, kò ní lè mí, a sì kú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọ inú ẹ̀wà ṣòro fún òróró láti pa. Nítorí náà, kété tí a bá sá ẹ̀wà gbẹ ni kí a ti fi òróró pa á, kí ó kárí.

Ó ṣeni láàánú pé oògùn olóró tí ń jẹ́ dichlorvos ni àwọn kan yàn dípò. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn yìí. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ kékeré, ti mìlílítà 100, lọ́jà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, a ń dá owó àgbẹ̀ dúró, a sì ń fi ẹ̀mí olùjẹ wewu, nígbà tí ohun tí a fi ń dín àkàrà lè ṣọ́ ẹ̀wà tí a fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i.